Ẹ̀rọ Àtijọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí Lásán

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí láti fi hàn pé ẹni tí ó ti pẹ́ láyé ti rí ohun tí ọmọ àná kò tíì rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú òwe náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà fiyè sí: àgbà tí òwe náà ń sọ kò da àkísà rẹ̀ nù. Bí ó bá ti dà wọ́n nù ni, kí ni ìbá fi yangàn níwájú ọmọdé? Àkísà tí ó wà nínú àpótí ni ẹ̀rí pé aṣọ ti wà rí, òun náà ni ó sì lè fi han ọmọ-ọmọ bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà àti bí wọ́n ṣe rán an.

Ẹni tí ó bá dúró ní Gáréèjì Ìkòròdú ní òwúrọ̀ yóò rí bí aṣọ ayé ṣe ń di àkísà. Ọkọ̀ kan ń kó èrò lọ sí Mile 12 àti Ọjọ́ta, òmíràn ń lọ sí Ṣágámù, òmíràn sì dojú kọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láàárín igbe àwọn agbèrò àti ariwo fèrè ọkọ̀ ni àwọn tí ń ti ọmọlanke yóò máa kọjá, tí wọ́n ń ra irin àlòkù láti ilé dé ilé. Ohun tí ó wà nínú ọmọlanke wọn kì í ṣe ọ̀kan: fáànù tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́, rédíò tí kò fọhùn mọ́, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gíláàsì kọ̀ǹpútà abìdí-ńlá, pátákó bọ́tìnnì rẹ̀, àti àpótí pẹlẹbẹ kan tí ó ní iná wínníwínní níwájú. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ra gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fọ́ wọn, wọn yóò sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ yọ. Irin tí ó bá kù yóò gba ọ̀nà Owódé Onírin lọ, tàbí kí ó bọ́ sínú iná àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní Odògunyàn.

Àpótí pẹlẹbẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀mù. Gíláàsì àti pátákó bọ́tìnnì yẹn, bí wọ́n bá jẹ́ ti àtijọ́ gan-an, lè jẹ́ tẹ́mínà. Lójú ẹni tí ń ti ọmọlanke, irin àti bàbà lásán ni wọ́n. Lójú ọmọ ilé ìwé tí ó bá fóònù alágbèéká láyé, wọn kò já mọ́ nǹkankan. Ṣùgbọ́n ní òkè òkun, àwọn kan wà tí wọ́n ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń lò ó. Ta ni ó tọ̀nà nínú wọn? Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tọkàntọkàn, yóò rí i pé ó yẹ kí àwọn ará Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá yọ díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà sọ́tọ̀ kí iná tó jó wọn tán, kí wọ́n tún wọn ṣe, kí wọ́n sì fi wọ́n kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ẹ̀rọ kan ṣoṣo a máa gba odidi yàrá, owó rẹ̀ a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìjọba, ilé ìwé gíga àti ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó lè rà á. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa bá ẹ̀rọ kan náà sọ̀rọ̀ láti ibi tí kálukú wà. Ibi tí kálukú jókòó sí, tí ó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí ó sì ti ń gba èsì, ni tẹ́mínà. Tẹ́mínà fúnra rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò. Bí gáréèjì ni ó rí. Gáréèjì kì í ṣe ìlú tí èrò ń lọ. Ibẹ̀ ni èrò ti ń wọ ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń sọ̀ sí nígbà tí ó bá padà dé. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé orúkọ kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń pe ẹ̀rọ yìí àti ibùdókọ̀ ńlá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 tí bọ́ọ̀sì BRT ti dé Ìkòròdú, ọmọ ìlú náà tí ó bá ti tò sórí ìlà ní tẹ́mínà láti wọ̀ ọ́ ti mọ ìdajì ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ìran-ìran ni tẹ́mínà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Teletype Model 33, tí ó jáde ní ọdún 1963, kò ní gíláàsì rárá. Orí bébà ni ó ń tẹ èsì sí bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lẹ́tà 10 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo rẹ̀ a sì gba gbogbo yàrá. VT100, tí ilé iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1978, ní gíláàsì: ìlà 24 ni ó ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba lẹ́tà 80. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe VT100, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó fi ń gbé lẹ́tà sí ipò wọn kò kú. Ìgbàkígbà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá ṣí ojú ìwé dúdú tí ó ti ń fi lẹ́tà pàṣẹ fún ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí, ìlànà VT100 ni ojú ìwé náà ṣì ń tẹ̀lé. Baba ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ.

Bí tẹ́mínà bá wà ní ìlú kan, tí kọ̀ǹpútà sì wà ní ìlú mìíràn, kí ni yóò gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì? Okùn tẹlifóònù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni wọ́n ta okùn náà fún. Kọ̀ǹpútà kò ní ohùn. Òdo àti ení nìkan ni èdè rẹ̀. Níhìn-ín ni módẹ́ẹ̀mù ti wúlò. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí, nítorí pé ìlù dùndún ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí wáyà. Onílù a gba ọ̀rọ̀ ẹnu, a sọ ọ́ di ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù ní òkèèrè a sì tún un tú sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni módẹ́ẹ̀mù ṣe ń sọ òdo di ohùn kan, tí ó ń sọ ení di ohùn mìíràn, tí módẹ́ẹ̀mù tí ó wà ní ìkángun kejì sì ń tú wọn padà.

Módẹ́ẹ̀mù kan tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀ ni Bell 103, èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962. Ẹ̀rọ tí ó pe èkejì a máa fi ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1,070 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dúró fún òdo, a sì fi èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1,270 dúró fún ení. Ẹ̀rọ tí wọ́n pè a fi 2,025 àti 2,225 dá a lóhùn. Nítorí pé ohùn wọn yàtọ̀, àwọn méjèèjì lè sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù àti omele ṣe ń dún pọ̀ tí etí sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Òdo àti ení tí ó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 300, èyí tí ó tó bíi lẹ́tà 30. Ojú ìwé kan tí ó ní lẹ́tà 1,800 yóò gba ìṣẹ́jú kan gbáko kí ó tó dé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1998, módẹ́ẹ̀mù tuntun ti ń gbé 56,000. Síbẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo tí ọmọdé ń fi fóònù yà lónìí ìbá pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ìtàn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọdún 1886 ni wáyà tẹlígíráàfù abẹ́ òkun ti so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NET, láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ tí ń lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1963 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà nítorí ìṣirò ètò ìkànìyàn, ọdún náà ni ilé iṣẹ́ IBM sì dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé alájà 32 tí wọ́n parí fún NET ní Marina ní ọdún 1979 wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí NECOM House. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì ni àwọn oníṣòwò ńlá fi ń ránṣẹ́ sí òkè òkun: akọ̀wé a jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ a sì máa jáde lórí bébà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n tẹ́mínà ni tẹ́lẹ́ẹ̀sì í ṣe.

Ní ọdún 1985, wọ́n pa NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di NITEL. Ní ọdún 1995 ni Nàìjíríà gba orúkọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí ni .ng, Yaba College of Technology ní Èkó ni ó sì kọ́kọ́ bójú tó o. Láti ìgbà náà ni módẹ́ẹ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé iṣẹ́ àti ilé àwọn tí ó ní okùn NITEL. Àwọn tí ó dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé ohùn rẹ̀: yóò kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà, yóò súfèé, yóò hó bí omi tí ó bọ́ sínú epo gbígbóná, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́, iná ara rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú. Bí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó lè fi tẹlifóònù ilé náà pe ẹnikẹ́ni. Àǹfààní yìí kò sì kárí. Ní ọdún 2001, iye okùn tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju bíi 600,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà sì ti ju 100,000,000 lọ. Ọdún náà ni fóònù alágbèéká GSM dé. Láàárín ọdún mélòó kan, okùn tẹlifóònù di ohun ìgbàgbé, ohun ìní NITEL bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2015, módẹ́ẹ̀mù sì bá ara rẹ̀ nínú ọmọlanke.

Ìdí kìn-ín-ní tí ó fi yẹ kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú wọn kúrò nínú ọmọlanke ni ẹ̀kọ́. Fóònù òde òní dà bí ẹyin: inú rẹ̀ kò hàn, ẹni tí ó bá sì fọ́ ọ láti wo inú rẹ̀ ti bà á jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó fún ọdún mẹ́wàá kí ó má mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ti módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ènìyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, ojú sì lè rí i bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì tẹ́mínà. Ohun tí olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ń fi ẹfun yà sórí pátákó nípa ìgbì ohùn yóò di ohun tí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ òdo àti ení rí kò ní rò mọ́ pé idán ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí kejì ni ìtàn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní Èbúté-Mẹ́tta, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Legacy 1995 tún ilé àtijọ́ kan ṣe nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, ọdún 1898 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò ojú irin àtijọ́ sí ibẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì lè lọ wò wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ń pe ohun èlò wọ̀nyẹn ní pàǹtí. Kí ni ó dé tí ẹ̀rọ tí ó gbé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà la òkun já kò fi ní rí irú iyì bẹ́ẹ̀? Ní Bletchley Park ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tún kọ̀ǹpútà kan ṣe tí wọ́n ń pè ní WITCH. Ọdún 1951 ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2012 ni ó tún jí padà níwájú àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba pín tẹ́mínà kékeré kan tí ń jẹ́ Minitel fún àwọn ará ìlú láti ọdún 1982. Ó tó bíi 9,000,000 nígbà tí ó gbilẹ̀ jù lọ. Wọ́n pa ètò náà tì ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ṣì ń so Minitel mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì ń fi kọ́ iṣẹ́.

Ìdí kẹta ni pé àkọsílẹ̀ àtijọ́ nílò ẹ̀rọ àtijọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ńlá kan tí ń jẹ́ Domesday sórí awọ ẹran ní ọdún 1086. Ní ọdún 1986, láti fi ṣe àjọ̀dún 900 ọdún ìwé náà, BBC ṣe Domesday tuntun sórí dísìkì. Kò tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ tí ó lè ka dísìkì náà fi di ohun àwátì, tí ó fi di pé àwọn onímọ̀ ń sá sókè sá sódò láti gba ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ là. Ìwé awọ ẹran ti ọdún 1086 sì wà níbẹ̀, ẹni tí ó mọ èdè rẹ̀ ń kà á. Ilé iṣẹ́, ilé ìwé tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá ti kó orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọdún 1990 lè wá àkọsílẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sí tẹ́mínà kankan mọ́ tí ó lè bá ẹ̀rọ àtijọ́ náà sọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ náà ti sọnù, bí ó tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará òkè òkun ti sọ ilẹ̀ yìí di ààtàn. Ẹ̀rí wọn sì dúró. Ní ọdún 1988 ni wọ́n rí májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Kókò, ní ibi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network kéde pé bíi kọ̀ǹtéénà 500 tí ó kún fún àlòkù ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó ń dé Èkó lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé àlòkù ẹ̀rọ tí ń wọ Nàìjíríà tó bíi tọ́ọ̀nù 60,000 lọ́dún, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń kó èyí tí ó pọ̀ jù sí. Ẹni tí ó bá gba Ọjọ́ta kọjá ti rí Olúṣòsùn, ààtàn ńlá tí ó ga bí òkè. Nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà abìdí-ńlá kan, òjé lè tó kílógíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé kì í ṣe ohun àmúṣeré fún ọmọdé: ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti rí wúrà pa ọmọdé bíi 400.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ni kò tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kò ní kí wọ́n kó òmíràn wọlé. Èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2011 lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ti ka kíkó èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wọlé léèwọ̀, ó sì dára kí wọ́n fi ọwọ́ líle mú òfin náà. Lọ́nà kejì, kì í ṣe ìtọ́jú ni ó ń pa ọmọdé. Fífọ́ àti sísun ni. Ẹ̀rọ tí ó wà lódidi lórí tábìlì kò tú èéfín, òjé inú gíláàsì rẹ̀ kò sì bọ́ sínú kànga ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni yóò kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má fi òkúta lu gíláàsì náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ tí ó bá kọjá ní gáréèjì, bí ẹyọ kan tàbí méjì bá bọ́ sọ́wọ́ ilé ìwé, ó tó. Ó yẹ kí ìyókù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ láìsun ún.

Àwọn mìíràn ní owó kò sí, pé àga ìjókòó pàápàá kò tó ní ilé ìwé. Èyí náà yẹ kó rí ìdáhùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìwọ̀n tà gẹ́gẹ́ bí irin kì í wọ́n. Tẹ́mínà àtijọ́ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Wáyà kan ṣoṣo ni yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun kékeré, irú èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ń jẹ́ Raspberry Pi, lẹ́tà tí ọmọ bá sì tẹ̀ yóò yọ lójú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù lè bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí okùn tẹlifóònù kúkúrú láti tábìlì kan sí èkejì, láìsí NITEL, láìsí owó oṣù. Kíláàsì méjì lè máa kọ lẹ́tà sí ara wọn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa fi agogo ka iye ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn.

Ìṣọ́ra gbọdọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń lo iná 110, iná Nàìjíríà sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi í sára ògiri láìlo tàràǹsífọ́mà yóò rí èéfín. Gíláàsì abìdí-ńlá a máa fi iná tí ó lágbára pamọ́ sínú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kó ṣí i.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà. Yíká gáréèjì ńlá bí ti Ìkòròdú ni àwọn tí ń tún fóònù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe wà, tí wọ́n jókòó lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ilé ìwé gíga wọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ ohun tí ìwé kò kọ. Bí ilé ìwé kan ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ bá ké sí ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti bá olùkọ́ físíìsì ṣí àlòkù ẹ̀rọ níwájú àwọn ọmọ, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ méjì: àwọn ọmọ yóò rí ìmọ̀, wọn yóò sì kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan tún wà tí kò gba kọ́bọ̀. Kí àwọn ọmọ náà lọ bá àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní NET, ní NITEL tàbí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí kò ní ìtàn lára, irin ni. Àwọn tí ó mọ ìtàn náà sì ń dàgbà lójoojúmọ́.

Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́ ní gáréèjì. Bí ó bá ti kún, yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọlanke kì í dúró. Ẹ̀rọ tí ó bá wọ iná ní Odògunyàn lónìí, kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá a padà lọ́la. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbà wọ àkísà lọ sí òde àríyá. Aṣọ tuntun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí òde. Ṣùgbọ́n kí àkísà díẹ̀ wà nínú àpótí, kí wọ́n ká a dáradára, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ọmọ tí ó bá béèrè bí aṣọ ṣe wà láyé àtijọ́ lè rí i fi ọwọ́ kàn.